Ẹ má kàn ti ẹni tí ọtí ń pa síta

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí òfin ilé ọtí, ó dáa gan-an, àmọ́ ibi tí ẹ parí ẹ̀ sí ni ọ̀rọ̀ tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n má ta ọtí mọ́ fún ẹni tó ti yó. Òótọ́ ni. Tí wọ́n bá wá kọ̀ tí wọn ò tà á fún un, kí ni kí wọ́n fi ẹni náà ṣe? Mo ti ta ọtí fún ọdún mẹ́fà, ibẹ̀ yẹn gan-an ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́.

Ọkùnrin kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Ó fẹ́ sanwó, ó fi owó sórí kántà, kántà yẹn tutù, owó lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń fi èékánná há a kúrò, ó mú un, ó jábọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ mú un, ó wá di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n bá òun kà á. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò lè ta á fún yín mọ́, ẹ jẹ́ n fún yín lómi. Kò tiẹ̀ bínú. Ọ̀gá wa ló ní kí àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mú un jáde, wọ́n mú un jáde lóòótọ́, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Òun nìkan. Ìgbà tí mo fi máa gbálẹ̀ tán tí mo jáde, ó ti fẹ̀yìn lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń hanrun, èébì wà lẹ́nu ẹ̀. Mo yí i sí ẹ̀gbẹ́, èébì yẹn ṣàn jáde, ó wúkọ́, ó mí. Ó yè é o, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo sábà máa ń gbà lọlé, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo gba iwájú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé téèyàn bá gbé ife sílẹ̀, ọtí ò tíì ṣe tán. Èyí tó mu gbẹ̀yìn ṣì wà nínú ikùn, ó ṣì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, torí náà ẹni tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn jáde lè má lè dìde mọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀dọ̀ náà kì í sáré, bí ife kan péré ló máa ń bójú tó láàárín wákàtí kan, ife kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọtí ni mò ń sọ o. Kọfí ò lè yára mú un kúrò, omi tútù tí wọ́n ń dà léèyàn lórí náà ò lè ṣe é.

Àwọn ìjọba kan ti gbìyànjú. Ní England àti Wales, òfin ọdún 2003 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ta ọtí fún ẹni tó ti yó, kódà ọ̀rẹ́ tó bá lọ bá a rà á náà ti rú òfin, nígbà tó sì di 2010 wọ́n fi kún un pé kí ilé ọtí máa fún ẹni tó bá béèrè lómi mímu lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó kan ọ̀rẹ́ yẹn dùn mọ́ mi jù, torí mo ti rí i lójú mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, èmi á kọ̀, ọ̀rẹ́ á rà á, á gbé e gba abẹ́ tábìlì fún un.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ sínú láísẹ́ǹsì gbogbo ilé ọtí ni pé kó tó di pé wọ́n mú ẹnikẹ́ni jáde, kí wọ́n bi í pé ta ló bá wá, kí wọ́n pe ẹni tó máa mú un lọlé, kí wọ́n fún un lága àti omi títí onítọ̀hún á fi dé. Tó bá sùn, ẹ fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, kí ẹnì kan sì jókòó tì í. Tẹ́ ẹ bá jí i tí kò jí, tí mímí ẹ̀ ń falẹ̀ tàbí tó ń dúró, tí ara ẹ̀ tutù, tí ètè ẹ̀ ń dúdú, ẹ pe áńbúláǹsì, ẹ má sọ pé ẹ jẹ́ kó sùn ún kúrò lójú. Híhanrun yẹn kì í ṣe oorun dáadáa nígbà míì, àbí ọkùnrin tí mò ń sọ yìí ò hanrun ni?

Ọ̀gá ni kí ìjọba bi, kì í ṣe ọmọ tó ń gbé ife. Ọmọ yẹn ń bẹ̀rù iṣẹ́ ẹ̀, èmi náà bẹ̀rù lọ́jọ́ yẹn, òun ló jẹ́ kí n dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń mú un jáde.

Ẹ bá wa bi àwọn tó ń fọwọ́ sí láísẹ́ǹsì, ṣé wọ́n máa ń béèrè ibi tí ẹni tó bá yó máa jókòó sí, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i?

Èmi ni òǹkàwé yín, tó ti ta ọtí rí.