Ta Ló Di Kọ́kọ́rọ́ Kànga Náà Mú?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ kànga dẹ̀rọ tí ìjọba ìbílẹ̀, àwọn aṣòfin àti àwọn àjọ aládàáni ń gbẹ́ káàkiri abúlé wa ni mo fẹ́ bá yín sọ. Iye kànga àti iye mílíọ̀nù náírà tí wọ́n ná la sábà máa ń kà nínú ìròyìn. Àwọn àjọ á fi kún un nínú àkọsílẹ̀ wọn pé obìnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà nínú ìgbìmọ̀ omi, wọ́n á sì pe ìyẹn ní ìdọ́gba ọkùnrin àti obìnrin. Kò tó rárá. Ẹ bi wọ́n pé: ta ló di kọ́kọ́rọ́ mú, wákàtí mélòó ni wọ́n ń ṣí i lójúmọ́, ta ló sì ń fọwọ́ síwèé owó?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ìlànà Sphere tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ ń lò kárí ayé sọ pé pọ́ǹpù tí a ń fọwọ́ tẹ̀, tó ń tú lítà 17 jáde ní ìṣẹ́jú kan, kò gbọ́dọ̀ ju ti èèyàn 500 lọ. Bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, lítà 8,160 ni yóò tú jáde, bíi lítà 16 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Lítà 15 ni ìwọ̀n tó kéré jù nínú ìlànà náà, torí náà ó kàn jù ú lọ díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tí alága ìgbìmọ̀ bá tì í pa, tó ń ṣí i fún wákàtí kan láàárọ̀ àti wákàtí kan nírọ̀lẹ́ nítorí kó má baà tètè bàjẹ́, lítà 2,040 péré ló kù, lítà mẹ́rin lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Pọ́ǹpù ò bàjẹ́ o, wọn yóò sì kà á mọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ àwọn ìyá àtàwọn ọmọbìnrin á tún gbé kẹ́ẹ̀gì padà sódò. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 20 kan, omi inú rẹ̀ nìkan jẹ́ kílò 20. Kí lítà 15 tó lè kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà, wọ́n ní láti pọn kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin àbọ̀ lójúmọ́.

Ẹ̀tọ́ ni omi jẹ́, kì í ṣe oore tí ẹnikẹ́ni ń ṣe wá. Ìpàdé Gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 2010 pé omi tó mọ́ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lára ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Láti ọdún 1985 sì ni Nàìjíríà ti fòǹtẹ̀ lu CEDAW, àdéhùn àgbáyé tó lòdì sí yíya obìnrin sọ́tọ̀. Abala 14 rẹ̀ dárúkọ àwọn obìnrin ìgbèríko ní tààrà, pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí omi, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti wà níbi tí wọ́n ti ń gbèrò ìdàgbàsókè. Ìpín 42 nínú ìwé òfin ọdún 1999 náà kò gbà kí wọ́n ya ọmọ Nàìjíríà kankan sọ́tọ̀ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, tàbí nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Opó tí kò rówó kẹ́ẹ̀gì san, Fúlàní inú gáà àti àtìpó tó ń ro oko olóko wà nínú rẹ̀.

Ibi tí wọn yóò gbẹ́ kànga sí ni nǹkan ti kọ́kọ́ máa ń wọ́. Orí àpáta ni ọ̀pọ̀ ìlú Òkè Ògùn àti Èkìtì wà, inú ibi tí àpáta ti sán lomi máa ń wà, torí náà a ò kàn lè gbẹ́ ibi tó wù wá. Kí àwọn tó ń fẹ̀rọ wá omi lábẹ́ ilẹ̀ fi ibi méjì tàbí mẹ́ta hàn, kí wọ́n sì bá àwọn obìnrin rin ọ̀nà ibẹ̀ kí wọ́n tó mú ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo lomi wà, ẹ ṣàlàyé fún ìlú, kí onílẹ̀ sì tọwọ́ bọ̀wé pé ti gbogbo ìlú ni. Àgbàlá olóyè tàbí ti aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú kò yẹ. Ó kéré tán, kí mítà 30 wà láàárín kànga àti ṣáláńgá.

Ìpàdé ọjọ́ ọjà, tàbí tìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń dáná, àwọn ọkùnrin nìkan ló ń ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn obìnrin lọ́tọ̀, kí obìnrin ẹgbẹ́ wọn darí ìpàdé náà. Ìyálóde nìkan kò tó: ìyàwó ilé tuntun kò ní já ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ní gbangba, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń pọnmi jù.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí ọ̀rọ̀ obìnrin ni irú pọ́ǹpù tí agbaṣẹ́ṣe rà. India Mark II wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí wáṣà onírọ́bà inú sílíńdà rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ kànga bá jẹ, gbogbo páìpù irin ni wọ́n gbọ́dọ̀ fà sókè kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ tó ń béèrè irinṣẹ́ àti àwọn géńdé láti ìlú mìíràn. India Mark III wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pá inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa fà, páìpù á wà níbi tó wà. Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n bá kọ́ dáadáa lè darí àtúnṣe rẹ̀ láàárín ìlú. Kí àwọn obìnrin pẹ̀lú wà lára àwọn tó ń fọwọ́ síwèé owó kànga ní báǹkì, kí kọ́kọ́rọ́ sì jẹ́ méjì, ní ilé méjì.

Ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú lè béèrè ohun tí kò tọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó wá pọnmi. Láti ọdún 2003 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ka á léèwọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti fi ìrànwọ́ gba ara obìnrin. Ó yẹ kó kan ìgbìmọ̀ abúlé náà. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù obìnrin kan tí kì í ṣe ará abúlé náà sára kọnkéré kànga, kí ẹni tó bá fẹ́ fẹjọ́ sùn lè rí i pè.

Bí ẹ bá tún lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣí kànga, ẹ padà síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ bi àwọn tó wà lórí ìlà bóyá lílọ, bíbọ̀ àti ìdúró wọn ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ìdáhùn wọn ni kẹ́ ẹ gbé sójú ìwé kìíní.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ ìdàgbàsókè ìgbèríko, Ìbàdàn