Afárá tí kò ní òpó: lẹ́tà sí Bàbá ní Ìlọrin

Manchester, Ìlú Ọba,
Oṣù Kọkànlá, 2024.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùn. Mo kí yín, mo kí ìyá wa, mo sì kí gbogbo ará ilé ní Pàkátà. Ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ. Òtútù nìkan ni a ń bá wọ̀yá ìjà.

Àbúrò mi ti jẹ́ kí n mọ̀ pé inú yín kò dùn nígbà tí ó ròyìn fún yín pé èmi tí ẹ fi owó iṣẹ́ bíríkìlà rán lọ sí ilé ìwé ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà títí di ọ̀gànjọ́ òru, tí mo ń kọ́ afárá tí kò ní òpó. Ó ní ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ bi òun: "Kí ló gbé e dúró?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí n sùn, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú láti dá a lóhùn.

Eré orí kọ̀ǹpútà ni, Dwarf Fortress ni orúkọ rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní Amẹ́ríkà, Tarn Adams àti Zach Adams, ni wọ́n ṣe é, wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọdún 2006. Aràrá 7 ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa pàṣẹ fún wọn kí wọ́n gbẹ́ inú òkè, kí wọ́n sọ ọ́ di odi ìlú tí ọ̀tá kò ní lè wọ̀.

Ògiri tàbí ilẹ̀ tí kò bá kan ohunkóhun yóò wó lulẹ̀ níbẹ̀, bí ẹ ti máa ń sọ. Ṣùgbọ́n òpó kan ṣoṣo lè gbé odindi òkè ró, kò sì ní sán láéláé. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ti afárá tilẹ̀ tún yàtọ̀: bí etí rẹ̀ kan bá ti fara kan ilẹ̀ líle, ó tó, ìyókù lè wà lójú òfurufú. Afárá náà ṣeé gbé sókè bí ìdérí, ó sì tún ya èmi fúnra mi lẹ́nu pé etí tí ó ń gbà dìde kò fi dandan jẹ́ etí tí ilẹ̀ dì mú. Ìgbà kan wà tí mo ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ tó di afárá mi mú kúrò nítorí mo fẹ́ fẹ ọ̀nà. Kíá ni afárá náà tú ká, ó padà di òkúta tí a fi kọ́ ọ.

Ọ̀pá kan ni a fi ń gbé e sókè. Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn aràrá fi òkúta gbẹ́ ni a ó so mọ́ ọ̀pá náà, a ó so èkejì mọ́ afárá, kò sí okùn tàbí wáyà láàárín méjèèjì, síbẹ̀ wọn yóò gbọ́ ara wọn. Bí afárá bá dìde, ó di ògiri, omi kò sì lè gba ibẹ̀ kọjá. Nítorí náà ni mo ṣe fi ọ̀kan dí ẹnu ọ̀nà omi tí mo là láti inú odò wá sínú odi.

Ibẹ̀ ni ẹ̀bi mi ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fa ọ̀pá, afárá kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ìṣísẹ̀ àkókò 100, ìyẹn ìwọ̀n kékeré tí eré náà fi ń ka àkókò, gbọ́dọ̀ kọjá ná. Omi sì ní ìwọ̀n láti 1 dé 7 nínú àyè onígun mẹ́rin kékeré kọ̀ọ̀kan tí a pín ilẹ̀ eré náà sí, 7 sì ni kíkún dẹ́múdẹ́mú. Mo rò pé kànga mi tí omi náà ń ṣàn sí kò ní kún kọjá ẹnu, mo gbàgbé ohun tí ẹ fi tánkì ilé wa kọ́ mi: omi tó ti òkè wá yóò tún fẹ́ gòkè dé ibi tí orísun rẹ̀ ga dé. Ó bú jáde lẹ́nu kànga, ó gba inú yàrá oúnjẹ, ó sì gbé aràrá mẹ́rin lọ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo mọ̀ pé bí omi bá gba igun kọjá, láti àyè kan sí èkejì tí wọ́n fi orígun nìkan kan ara wọn, agbára tó fi ń gòkè yóò kú.

Ẹ ti máa ń wí pé odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Níbí, ó ń bojú wẹ̀yìn. Àgbá kẹ̀kẹ́ tí omi odò ń yí ń mú agbára 100 wá, òun fúnra rẹ̀ ń jẹ 10, ẹ̀rọ tó ń fa omi náà ń jẹ 10. Bí ẹ bá jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa da omi padà sábẹ́ àgbá kẹ̀kẹ́ tó ń yí i, wọn yóò máa bá ara wọn ṣiṣẹ́ láìdúró, 80 yóò sì tún ṣẹ́kù. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó dùn ún wò.

Mo fi owó ránṣẹ́ fún ìdúró tánkì tuntun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà kí àwọn ọ̀dọ́mọdé bíríkìlà yẹn fi òpó mẹ́ta ṣe é. Mẹ́rin ni, kí wọ́n sì jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ gbẹ dáadáa kí wọ́n tó gbé omi lé e.

Èmi ni ọmọ yín tòótọ́.