Lẹ́tà sí Fanákúlà

Bódìjà, Ìbàdàn
Ọjọ́ Àìkú

Fanákúlà mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé òtútù Leeds ò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Àwa náà wà o, a dúpẹ́. Ọkọ mi ń kí ọ, onílé ti fi owó lé owó ilé, ìyá ìbejì tún ti bí òmíràn, ọkùnrin. Ó tán. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ò ṣeé pa mọ́ra.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ilẹ̀kùn pa mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́. Màámi nìkan ló wà nílé pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ ké "Áọ̀ṣì!", ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, "péènì, péènì" ni Màámi sì ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n sáré kúrò nídìí ata tí wọ́n ń ṣà, wọ́n dúró, wọ́n rò ó, wọ́n bá yà sí yàrá, wọ́n mú báírò jáde fún un. Báírò, fún ọmọ tí ìka rẹ̀ ń wú! Ìgbà tí mo fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, àwọn méjèèjì jókòó sórí àga kan, ẹnikẹ́ni ò bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀, báírò wà láàárín wọn.

O ti ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Màámi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ṣé torí èyí ni mo ṣe ta ata san owó lẹ́sìnnì rẹ?"

Àbí o ti gbàgbé ẹjọ́ "yéè" ní páìmárì fọ́ọ̀? Láti àárọ̀ ni pátákó "vernacular" tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹni tó bá sọ Yorùbá lọ́rùn ti wà lọ́rùn mi lọ́jọ́ náà, agogo ìparí ti fẹ́ẹ̀ lù, kò sẹ́ni tó yanu sọ Yorùbá kí n lè gbé e fún un. Àfi bí ẹnì kan ṣe tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ lórí ìlà, tí o ké "Yéè!" Tíṣà ní Yorùbá ni "yéè", pé "áọ̀ṣì" ni ọmọ tó kàwé ń ké. Ìwọ lo fọ ṣáláńgá, orúkọ tí mò ń pè ọ́ dòní sì lẹ̀ mọ́ ọ lára. Tóò, mo fẹ́ jẹ́wọ́. N ò ṣèèṣì tẹ̀ ọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ọ́ ni. Jọ̀ọ́, má bínú. Ṣebí èmi náà ni mo bá ọ lọ sẹ́yìn kíláàsì, tí a ń já ara wa léèékánná ká lè mọ "áọ̀ṣì" ké dáadáa. Ohun tó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé tíṣà fúnra rẹ̀ ò rí "vernacular" tó wà lára pátákó pè: fanákúlà lòun náà ń wí!

O gbọ́ ti ìjọba? Ní 2022, wọ́n ní èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ títí dé páìmárì síìsì. A ò fojú rí i ládùúgbò wa. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní àwọn ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ará Ifẹ̀ ni bàbá ọkọ mi. Wọ́n pa rédíò. Wọ́n ní ṣebí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá ti dán an wò ní Ifẹ̀ láti 1970, ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, àwọn ọmọ náà sì ta ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Mo panu mọ́. Ilé ìwé tí ọmọ-ọmọ wọn ń lọ ń gba 50 náírà lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ Yorùbá, èmi ni mo sì mú un lọ síbẹ̀.

Mo ti ń yí i po láti òkè. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Èmi tí mò ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ fáìlì aláìsàn lójoojúmọ́! Àjọ nọ́ọ̀sì yín lọ́hùn-ún fẹ́ 7 nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, 6.5 nínú kíkọ. Sísọ ló ń já mi láyà. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá, lójúkojú. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ dán mi wò, ó ní kí n sọ̀rọ̀ nípa tíṣà tí n ò lè gbàgbé. Ẹnu mi gan. Mò ń to gbólóhùn lọ́kàn kó má baà wọ́. Kí n tó tò ó tán, àkókò ti lọ.

Jọ̀wọ́, máa pè mí ní Sátidé. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá péré, Gẹ̀ẹ́sì nìkan, má sì fi mí rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ṣèèṣì sọ Yorùbá, gbé pátákó kọ́ mi lọ́rùn, ẹ̀san rẹ nìyẹn.

Má jẹ́ kí Màámi gbọ́ o. Wọ́n á bi mí pé ta ni màá fi àwọn sílẹ̀ fún, n ò sì tíì mọ èsì. Ní báyìí, báírò yẹn ni wọ́n fi ń tọ́ka imú, etí, ìka fún ọmọ lálaalẹ́. Lánàá ó ní, "Ìka ń dùn mí, Màámi." Kò sí ohun tó ṣe ìka.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ tiwa ni kí o pè. Wọ́n ti máa ń sùn nígbà yẹn.

Èmi ni,
Súù