Ọjọ́ méje kò lè ká Cape Verde

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá aládìrẹ ni mí ní ọjà Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ìwé ìròyìn yín ni mo sì fi ń pa ọ̀sán tí ọjà ò bá yá. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo kà á lójú ewé ìrìn-àjò yín pé ẹni tó bá ní ọjọ́ méje lè yí gbogbo erékùṣù Cape Verde ká, pé bí ìgbà téèyàn bá ti Ọ̀ṣòdì bọ́ sí Ìkẹjà ni. Mo rẹ́rìn-ín títí oníbàárà mi fi béèrè pé kí ló dé. Olóòtú, ẹni tó kọ ọ́ ò débẹ̀. Tó bá sì débẹ̀, a jẹ́ pé kò wọ ọkọ̀ ojú omi.

Èmi débẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin kejì ń ta fóònù àti ohun èlò rẹ̀ ní Praia, olú-ìlú wọn, ọmọ erékùṣù Fogo ló sì fẹ́ níyàwó. Nígbà tí ìyàwó bímọ lápá ìparí ọdún 2023, mo di ẹrù àdìrẹ kan, mo wọ bàálù l'Ékòó, mo pààrọ̀ ní Dakar, mo sì gúnlẹ̀ sí Praia lóṣù Kìíní ọdún 2024. Páásípọ́ọ̀tù nìkan ni mo mú dání, torí pé ọmọ ECOWAS ni àwa àti àwọn; ẹni tí kò bá ní í lò ju ọjọ́ 90 lọ, kò sí pé ó ń wá físà kiri.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ibì kan ṣe nínú ohun tí ẹ tẹ̀ jáde. Erékùṣù mẹ́wàá ni lóòótọ́, àmọ́ mẹ́sàn-án ni èèyàn ń gbé. Kò sẹ́ni tó ń gbé Santa Luzia, n ò wá mọ ẹni tí òǹkọ̀wé yín fẹ́ lọ kí níbẹ̀. Nínú mẹ́sàn-án yẹn náà, méjì ò ní pápá bàálù tó ń ṣiṣẹ́: Santo Antão lápá àríwá àti Brava lápá gúúsù. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbéni débẹ̀, bí òkun bá sì gbà ni.

Erékùṣù tí Praia wà, Santiago ló ń jẹ́. Kò ṣòro láti rìn nínú ẹ̀ béèyàn bá ní sùúrù. Bọ́ọ̀sì Hiace ni wọ́n ń wọ̀, irú èyí tí a ní ní gáréèjì Kútọ̀ gan-an, ẹ̀gbẹ́ ọjà Sucupira sì ni púpọ̀ nínú wọn ti ń kó èrò. Ní Kútọ̀, ọkọ̀ á dúró, agbèrò á máa pariwo, ẹ ó jókòó sínú ooru títí ọkọ̀ á fi kún. Ní tiwọn, ọkọ̀ kì í dúró. Tí dírẹ́bà bá ti rí èèyàn mẹ́ta, á gbéra bí ẹni tó ń lọ tòótọ́, á yí ìlú po, á tún padà síbi tó ti gbé yín, á máa ké "Somada! Somada!" Ìlú Assomada ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo rí obìnrin ọlọ́gẹ̀dẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kẹta létí títì, mo bi ọmọ mi pé ṣé ọ̀nà ti dàrú mọ́ dírẹ́bà yìí lójú ni. Ó ní, "Màmá, a ò tíì gbéra."

Ẹni tó bá ti dé Praia, kó yà sí Cidade Velha, kò jìnnà. Òpó òkúta tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ ṣì wà ní gbàgede ìlú náà. Mo dúró níwájú ẹ̀ díẹ̀, mo sì kúrò níbẹ̀. N kò ya fótò.

Ọ̀rọ̀ wá kan Fogo, níbi tí àwọn àna mi wà. Bàálù láti Praia síbẹ̀ ò ju bí ìdajì wákàtí lọ. Ẹrù àdìrẹ mi ló ní ká wọ ọkọ̀ ojú omi, torí pé bàálù kékeré yẹn kì í fojú ire wo ẹrù. Ọmọ mi ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, èmi àti ìyàwó àti ọmọ tuntun la jọ lọ. Wákàtí mẹ́rin ni lórí omi. Bí a ṣe jókòó báyìí ni òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan ń pín ọ̀rá kékeré kọ̀ọ̀kan fún wa. Mo ní, àwọn èèyàn yìí mà mọ ìmọ́tótó o. Mo gbé ẹ̀pà tí mo mú ti ilé wá jáde, mo ń jẹ ẹ́, mo ń da èèpo rẹ̀ sínú ọ̀rá tèmi. Obìnrin tó jókòó tì mí wò mí, ó wo ọ̀rá, ó mi orí. Ọkọ̀ ò tíì pẹ́ tó fi ẹ̀yìn Santiago sílẹ̀ tí atẹ́gùn fi gbá a mú, obìnrin náà sì gbé ọ̀rá tirẹ̀ sẹ́nu. Gbogbo ìlà ìjókòó wa tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa kàn mí, èèpo ẹ̀pà ti kún inú tèmi. Obìnrin yẹn náà ló fún mi ní ọ̀rá. Méjì ló ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀; ó mọ ọ̀nà. Ọmọ tuntun sùn títí a fi gúnlẹ̀.

Rabidante ni wọ́n ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Alájàpá ni àwa ń pè é. Wọ́n ń kó ọjà láti erékùṣù kan sí òmíràn, àwọn kan nínú wọn ń dé Dakar, wọ́n ń dé Portugal àti Brazil lọ rajà wá tà ní Sucupira. Ti ẹni tiwa yìí, wàrà ewúrẹ́ ló ń rà ní Fogo lọ tà ní Praia, ó fẹ́ jọ wàràǹkàṣì tiwa, iyọ̀ ló fi pọ̀ díẹ̀. Ìyàwó ọmọ mi ń túmọ̀ láàárín wa. Kí a tó sọ̀ kalẹ̀, ó ti mọ iye tí mo ń ta ọ̀pá àdìrẹ kan, mo ti mọ iye tó ń ra wàrà.

Àwọn àna mi ṣe mí lálejò, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́. Cachupa ni oúnjẹ wọn: àgbàdo àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́ àti ànàmọ́ àti ẹran. Àdàlú tó lówó lọ́wọ́ ni. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, wọ́n á dín in láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á fi ẹyin lé e lórí.

Láàárín Fogo ni òkè oníná kan wà tó ga ní mítà 2,829. Ó bú gbàmù lóṣù Kọkànlá ọdún 2014, ó ń yọ iná títí wọ oṣù Kejì ọdún 2015, ó sì bo abúlé méjì mọ́lẹ̀, Portela àti Bangaeira. Àwọn ará ibẹ̀ ti padà lọ kọ́lé sórí òkúta dúdú náà, wọ́n ń gbin àjàrà àti kọfí. Àbúrò àna mi kan ń gbé ibẹ̀, ó sì yẹ kí n lọ kí i. Mo jí láago márùn-ún, mo múra, mo jókòó de ọkọ̀ níwájú ilé ní São Filipe, olú-ìlú Fogo. Wọ́n ní kí n wọlé lọ sùn, pé kò sí ọkọ̀ títí di ọ̀sán. Kí ló fà á? Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ọkọ̀ ń ti orí òkè wá sílùú, ọ̀sán ló ń padà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi, Olóòtú, òun ni mo sì tìtorí ẹ̀ gbé bírò. Ọkọ̀ yẹn kì í ṣe tàlejò. Ti obìnrin tó fẹ́ tètè gbé wàrà dọ́jà ni, kó ta á tán, kó ra òróró àti ọṣẹ, kó padà lọ gbọ́únjẹ fún àwọn ọmọ ẹ̀. Bí ọkọ̀ Ọ̀dẹ̀dá àti Ìmàlà ṣe ń wọ Abẹ́òkúta lọ́jọ́ ọjà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú omi. Ọmọ mi ti kọ́kọ́ mú mi dé ìlú Mindelo ní erékùṣù São Vicente, nígbà tó lọ gbẹrù ní èbúté. Láti ibẹ̀ sí Santo Antão ò ju wákàtí kan lọ lórí omi, ojoojúmọ́ lọkọ̀ sì ń lọ tó ń bọ̀. São Vicente gbẹ, kò sí omi. Ewébẹ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ní Mindelo, láti Santo Antão ló ti ń wá. Lọ wo ti Fogo sí Brava wàyí, níbi tí èrò ò ti pọ̀: ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọkọ̀ ń yọjú. Máàpù ò lè sọ èyí fún yín. Lórí máàpù, Brava sún mọ́ Fogo bí ètè àti imú.

Ó yẹ kí n kúrò ní Fogo lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n wọ bàálù ní Praia lálẹ́ Sátidé. Ẹni tó tà mí ní tíkẹ́ẹ̀tì l'Ékòó, tí n ò ní dárúkọ, ló ní ọjọ́ kan láàárín ti pọ̀ jù, pé kí n má fi owó òtẹ́ẹ̀lì ṣòfò. Lọ́jọ́bọ̀, ọyẹ́ dé. Mo ṣe bí mo ti fi ọyẹ́ sílẹ̀ sí Abẹ́òkúta ni! Eruku Sàhárà kan náà ló fo òkun wá bá mi. Bruma seca ni wọ́n ń pè é. Ojú ọ̀run funfun bí ẹ̀kọ, òkè oníná tó ga tó yẹn sì pòórá. Bàálù ò lè balẹ̀. Gbogbo èrò bàálù wá rọ́ sídìí ọkọ̀ ojú omi, atẹ́gùn sì ti da òkun rú, ọkọ̀ náà ò wá. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní "manhan", ìyẹn ọ̀la. Nígbà tó di Sátidé, eruku lọ, bàálù fò, àmọ́ àwọn èrò Ọjọ́bọ̀ ló kó. Ní tọkọ̀ ojú omi, "manhan" náà ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bàálù mi gbéra ní Praia, mo jókòó sí São Filipe, mo ń fi ìka ka wákàtí.

Alájàpá mi ló gbà mí. Ó ní kí n yéé lọ síbi tíkẹ́ẹ̀tì, kí n máa lọ wo apẹ̀rẹ̀ wàrà léèbúté. Wàrà tútù ò ní sùúrù. Kò sí obìnrin tó máa gbé e sínú oòrùn láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú ọkọ̀ ti pè é lórí fóònù pé àwọn ti gbéra. Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ, n kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ Ajé, nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo rí apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta lábẹ́ ògiri níbi tí òjìji wà, wọ́n fi aṣọ funfun bò wọ́n. Mo sáré lọ di ẹrù. Agogo mẹ́fà ò tíì lù tán tí ọkọ̀ fi sọ ìdákọ̀ró. Bébà "manhan" ṣì wà lójú fèrèsé nígbà tí a ń wọlé.

Tíkẹ́ẹ̀tì mi ti jóná. Èyí tí mo rà dípò ẹ̀ gbé gbogbo èrè àdìrẹ mi lọ. Mo sì ti tà dáadáa o; escudo owó wọn, bí yúrò ṣe rí ló ń rí, yúrò kan sí escudo 110 àti díẹ̀ lórí, bẹ́ẹ̀ ni láti ọdún 1999. Kí ẹni tó ń fi náírà ṣòwò gbọ́ èyí, kó má jowú. Yúrò ni kẹ́ ẹ mú lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde pé ẹni tó bá ní ọjọ́ méje, kó mú erékùṣù méjì. Kó kọ́kọ́ lọ sí èyí tó jìnnà, kó sì ti padà síbi tí bàálù rẹ̀ á ti gbéra ní ọjọ́ méjì, mẹ́ta, ṣáájú. Bó bá jẹ́ oṣù ọyẹ́ ni, kó jẹ́ mẹ́rin.

Ọmọ-ọmọ mi máa pé ọdún kan láìpẹ́, mo sì ti ń múra àtilọ. Bí òǹkọ̀wé yín bá fẹ́ bá mi lọ, kó wá mi wá sí Ìtòkú, kó béèrè Ìyá Aládìrẹ tó ń lọ sókè òkun. Kó má ṣáà gbé ẹ̀pà dání.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aládìrẹ,
Ọjà Ìtòkú, Abẹ́òkúta.