Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n béèrè

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni òtútù Kánádà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́. O ní ṣé òótọ́ ni pé mo ti padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òótọ́ ni. Mo mọ̀ pé ìwọ gan-an ni mo sọ fún pé ẹsẹ̀ mi kò ní tẹ ilé Ọlọ́run mọ́.

O rántí ọ̀rọ̀ Ìlọrin. Ọjọ́ kẹjọ tí a sin ọmọ mi, wòlíì kan jókòó ní pálọ̀ mi ní Tanke, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fi pamọ́ ló gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi. Ikú pa ọmọ mi; ọ̀rọ̀ yẹn sọ mí di apààyàn lójú ara mi. Ọdún kan gbáko, bí mo bá ti kúnlẹ̀ àdúrà, ojú ọkùnrin yẹn ni mo ń rí.

Nígbà tí mo kó padà sọ́dọ̀ màmá mi ní Ọ̀mù-Àrán, wọn ò dá ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ rárá. Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) wọn ló wá lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn mẹ́rin. Mo ti gbaradì de ìwàásù. Àfi bí wọ́n ṣe bá ẹ̀gúsí tí màmá mi sá sẹ́yìnkùlé, wọ́n fa atẹ mọ́ra, wọ́n ń bó o. Ọ̀kan wá béèrè orúkọ ọmọ mi. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ rẹ̀ rí! Mo ní Àánú ni. Bí ẹkún ṣe gbé mi nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n dákẹ́. Àgbà inú wọn gbé orí mi lé itan, òun náà ń sunkún, ẹ̀gúsí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n tún wá bó ẹ̀gúsí.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó bá wọn lọ sí ìṣọ́ òru. Ìyá àgbà yẹn gbọ́wọ́ lé mi lórí. Kò ríran, kò bá ẹ̀mí kankan wí. "Jésù, ọmọ Rẹ rèé, ó ti rẹ̀ ẹ́." Ìyẹn nìkan ló ń tún sọ. Nǹkan kan tú láyà mi. Ìbànújẹ́ ò lọ o. Ẹ̀bi ló lọ. Mi ò pa ọmọ mi, ọkàn mi ti wá gbà á.

Ìyá yìí kan náà ló ní kí n lọ rí dókítà nítorí àìrórunsùn mi. Ó yà mí lẹ́nu, torí o mọ ìtàn ìjọ yìí. Odò-Ọwá tí wọ́n ti bí Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá, aṣáájú ìjọ náà, ní 1904 kò jìnnà síbí, àwọn tó sì tẹ̀ lé wọn láti ìgbà ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà, lọ́dún 1930, omi àdúrà ni wọ́n gbójú lé, wọn kì í fẹnu kan oògùn. Bàbá ìyá náà wà lára wọn. Síbẹ̀ ìyá náà ní, "Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà lórí omi, Òun náà ló fún dókítà lọ́gbọ́n." Mo ti ń sùn báyìí.

Lọ́la a ń lọ sí Àrándùn, sílé obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ kú lóṣù tó kọjá. Èmi ni màá gbé atẹ. Orúkọ ọmọ náà ni mo máa kọ́kọ́ béèrè.

Bá mi kí bàbá wọn.

Èmi ni,
Ìyá Àánú