Ẹ Yọ Sàká Ìtúnu Ààwẹ̀ Kí Ìrun Yídì Tó Bẹ̀rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde nípa àwọn tó ń da ìrẹsì sàká ìtúnu ààwẹ̀, ìyẹn oúnjẹ tí Mùsùlùmí ń yọ fún aláìní ní ìparí ààwẹ̀, sínú àpò ní yídì (pápá ìrun ọdún) lẹ́yìn ìrun. Ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú àṣà yìí. Hadíísì (ọ̀rọ̀ Ànábì) tí Ibn Abbas, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, sọ fún wa ṣe kedere: èyí tí a bá yọ lẹ́yìn ìrun, sàárà lásán ni. Ó ṣe tán, oúnjẹ tí a kò tíì sè ni. Ẹni tó gbà á lọ́sàn-án ọjọ́ ọdún ṣì ní láti wá igi, ata àti epo, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń wo abọ́ aládùúgbò.

Ìwọ̀n rẹ̀ náà ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Sá'ù 1 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀kúnwọ́ méjèèjì àgbàlagbà lẹ́ẹ̀mẹrin. Bó bá jẹ́ ìrẹsì, ó tó bíi kílò 2.5. Kọ́ńgò 1 kò tó o, pàápàá èyí tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Baálé tó ní ìyàwó 1 àti ọmọ 4 yóò yọ bíi kílò 15. Ìkókó tí a bí kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ààwẹ̀ kò gbẹ́yìn.

Kí ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí bẹ̀rẹ̀ sí í gba sàká náà láti ọjọ́ 28 ààwẹ̀, torí a lè rí oṣù lálẹ́ ọjọ́ 29. Kí wọ́n ya àpò ẹ̀wà, gàrí àti ìrẹsì sọ́tọ̀. Àdàlù wọn kò ṣeé sè. Kí pípín rẹ̀ sì parí lálẹ́ tí a bá rí oṣù.

Olùkọ́ iléekéwú,
Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun