Lẹ́tà sí Bọ́lá lórí dátà tó kọ̀ tí kò fún pọ̀

Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Inú mi dùn gan-an nígbà tí lẹ́tà rẹ dé. Mo dúpẹ́ pé ara le. O ní ẹ ti pàṣẹ fún dátábéèsì yín pé kó máa fún dátà pọ̀, síbẹ̀ àyè tó ń gbà lórí dísìkì kò dín. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé a ti parí iṣẹ́ bí a bá ti pàṣẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí dátábéèsì ń fún dátà pọ̀ gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀.

PostgreSQL, dátábéèsì tí ẹ ń lò, kìlóbáìtì 8 ni ojú-ewé rẹ̀ (ìyẹn ìdì kọ̀ọ̀kan tó ń kó dátà sí lórí dísìkì), ìlà kan kò sì gbọdọ̀ ta kọjá sínú ojú-ewé kejì. Bí ìlà tó ń wọlé bá ju nǹkan bíi kìlóbáìtì 2 lọ, ìgbà yẹn ló tó máa wá ohun tó gùn jù nínú rẹ̀ láti fún pọ̀. Bí ìlà náà bá ṣì tóbi, á kó ohun tó gùn náà lọ sínú tábìlì ẹ̀gbẹ́ tó ń jẹ́ TOAST. Ìlà tí kò tó bẹ́ẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà àti déètì ló kún tábìlì yín, kódà kí ìlà rẹ̀ jẹ́ àìmọye, báìtì kan ò ní dín. Ohun kọ̀ọ̀kan ló ń fún pọ̀ lọ́tọ̀, kì í wo ìlà kejì bóyá ọ̀rọ̀ wọn jọra. (SQL Server, dátábéèsì mìíràn, ń wò ó ní tirẹ̀: bí ojú-ewé bá kún, á wá ohun tó ń tún ara rẹ̀ sọ láàárín àwọn ìlà inú rẹ̀.)

Ti LZ4, ọ̀nà ìfúnpọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí sí, ẹ ṣeun. Ẹ̀dà 14 PostgreSQL ló gbé e dé lọ́dún 2021, ó sì yá dáadáa ju pglz, ọ̀nà tó ń lò tẹ́lẹ̀, lọ. Àmọ́ ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní yí padà, èyí tó bá wọlé lẹ́yìn àṣẹ náà nìkan ni. Ẹ fi pg_dump kó tábìlì náà jáde, kí ẹ fi pg_restore dá a padà, gbogbo rẹ̀ á di ọ̀tun.

Jọ̀wọ́, kí o tó ṣe ìyẹn, fi pg_column_size (tó ń sọ iye báìtì tí ohun kan ń gbà níbi tó wà) wo ìwọ̀nba ìlà díẹ̀, kí o sì fi octet_length (tó ń sọ iye báìtì rẹ̀ láìfún un pọ̀) wo àwọn kan náà. Bí méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kò tíì fún ohunkóhun pọ̀ níbẹ̀. Fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Dàpọ̀